Nípa Àṣẹ Olúwa Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Wọ́n ti gbà mí sí ẹ̀kọ́ náà. Abẹ́ ife tíì Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni mo ti rí lẹ́tà wọn láàárọ̀ yìí, ìdí ife sì ti ya òrùka sórí orúkọ mi. Bàbá ní àwọn rò pé ìwé owó iná ni. Ọ̀gá gbogbo àwa akọ̀wé kóòtù yìí ni wọ́n, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ló so mọ́ bẹ́líìtì wọn, n ò lè bá wọn jà.

Ẹ̀kọ́ àwọn alábòójútó kóòtù, Àbámẹ́ta mẹ́fà. Bàbá ń fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, olú ilé-iṣẹ́ sì ti sọ ọ́ láìfi sábẹ́ ahọ́n pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ yìí kò ní jókòó sórí àga wọn. Tí n kò bá yege, wọ́n á fi ẹlòmíì ránṣẹ́ sí wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ Bàbá, láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. N ò fẹ́ di ẹni tó ń fi ibi tí fáìlì wà han àjèjì, kí àjèjì náà wá máa rán mi níṣẹ́. Mo fẹ́ àga yẹn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, n ò tijú mọ́.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Owó ọkọ̀ tún ti lọ sókè, awakọ̀ ní òjò ló fà á.

Àbámẹ́ta, 8

Tíṣà wa, obìnrin kúkúrú ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ kún yàrá. Ó bi wá pé tí ẹjọ́ bá lọ geere, ta ni àwọn èèyàn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkùnrin kan lẹ́yìn wá ní, "Lọ́yà ni." Tíṣà ní, tí fáìlì bá wá sọnù ńkọ́? Gbogbo kíláàsì pariwo pọ̀: "Àwa ni!"

A rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ tí mò ń bọ̀ nílé, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé kí oníkálukú wá ohun kan tí kò dáa níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ o. Tíṣà tẹ ìyẹn mọ́ wa létí.

Ajé, 10

Mo ti rí tèmi. N ò wá a jìnnà rárá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló wà. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹjọ́ là ń sọ fún pé agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ì báà jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ máa tó kàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Tí aago bá ti lu mẹ́sàn-án, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á kún fọ́fọ́, bẹ́ǹṣì ò ní gbà wọ́n, àwọn kan á jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọmọ ọwọ́ á máa ké. Lónìí, káfíńtà kan tó wá jẹ́rìí dúró láti àárọ̀ títí a fi ń pa fèrèsé dé, a sì sún ẹjọ́ náà síwájú láìpe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó kí mi pé ó dàárọ̀. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le. Kí a pín wọn sí mẹ́ta: àwọn kan agogo mẹ́sàn-án, àwọn kan mọ́kànlá, àwọn tó kù agogo kan ọ̀sán. Ó tán.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo gbé e lọ bá adájọ́ wa, Olúwa mi, ní yàrá wọn. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ìyá Akọ̀wé, agogo mẹ́sàn-án là ń wá nígbà tí mo jẹ́ lọ́yà. Agogo mẹ́sàn-án ni ọ̀gá mi náà ń wá nígbà tiwọn." Mo ní ó dáa, Olúwa mi.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Olúwa mi ní àwọn lọ́yà ò ní gbà. Mo ní mo ti bi lọ́yà mẹ́ta léèrè, méjì nínú wọn ní inú àwọn á dùn sí i.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Mo ní ẹ̀kẹta ò dá mi lóhùn, ó ń jẹun. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Bébà ti gbówó lórí débi pé ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ la fi ń tẹ ìwé tuntun. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wá kó èyí tó kù sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í.

Ìṣẹ́gun, 18

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Òní ni mo tó mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Olúwa mi bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù, wọ́n wá ní, "Tí mo bá wọlé láàárọ̀ ńkọ́, Ìyá Akọ̀wé? Ṣé èèyàn mẹ́rin ló máa dìde fún mi?"

Láràárọ̀, ọkùnrin tó ń pe ẹjọ́, tí à ń pè ní Gbohùngbohùn, á kígbe pé "Kóòtù!", gbogbo èrò á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ǹṣì á máa dún gbàgà gbàgà. N ò mọ̀ pé Olúwa mi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dìde fún èmi rí, n ò lè mọ bó ṣe ń rí lára. Mo kó ìwé mi, mo jáde, mo sì jẹ búrẹ́dì méjì tí n ò fẹ́ jẹ tẹ́lẹ̀.

Bí wọn ò bá gbà, n ò ní iṣẹ́ tí màá gbé síwájú àwọn olùyẹ̀wò.

Ọjọ́bọ̀, 20

Eyín! Eyín ni Ọlọ́run fi bá mi ṣe é. Olúwa mi lọ rí dókítà eyín lánàá. Agogo mẹ́jọ ni wọ́n ní kí gbogbo aláìsàn wá, ọ̀sán gangan ni dókítà tó dé orí Olúwa mi. Nígbà tí wọ́n wọlé láàárọ̀ yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ọ̀rọ̀ ò fẹ́ jáde dáadáa.

"Ìyá Akọ̀wé. Orí bẹ́ǹṣì. Láti agogo mẹ́jọ." Mo ní pẹ̀lẹ́, Olúwa mi. "Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ìwé yẹn wá."

Mo sáré kọ ìkéde náà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tó wálẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lu òǹtẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Mo kọ̀wé sí àwọn lọ́yà àti àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo rẹ̀ parí kí a tó ṣíwọ́. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ nígbà tí mò ń lọ sílé.

Ajé, 24

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò lọ bí mo ṣe rò ó. Gbohùngbohùn dìde ní agogo mẹ́sàn-án, ó sì pe gbogbo orúkọ pátá, ti mọ́kànlá, ti agogo kan, bó ṣe ń pè wọ́n láti ọjọ́ tó ti dé kóòtù yìí. Ẹni tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, Olúwa mi á da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Bí ẹjọ́ ìyá aránṣọ kan ṣe dànù nìyẹn. Èmi wà nísàlẹ̀ nígbà náà, mò ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pẹjọ́.

Ìyá náà dé kí aago tó lu mọ́kànlá, ó wọṣọ ire, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. "Mo tètè dé, àbí mi ò tètè dé?" Nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lókè, mo sáré gòkè.

Mo wọ kóòtù, mo fi ìwé pélébé kan lé Olúwa mi lọ́wọ́ lórí ìjókòó wọn. Wọ́n kà á, wọ́n wo Gbohùngbohùn, wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí ẹjọ́ ìyá náà padà sípò lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni Gbohùngbohùn ń bẹ̀ mí títí. "Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ẹnu mi ti sáré lọ kí n tó rántí." Mo ní kó fi sílẹ̀, èmi ni n kò jókòó ṣàlàyé fún un. Láti ọ̀la lọ, ìwé orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, n ò sì ní fún un ní èkejì àfi tí àkọ́kọ́ bá tán.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ó ń lọ. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣeé rí báyìí. Pupa ni. Mo ti gbàgbé pé pupa ni.

Káfíńtà ọjọ́sí wá ní mọ́kànlá, ó jẹ́rìí, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Olúwa mi ti wá ń sinmi díẹ̀ láàárín ìpín kan sí èkejì, wọ́n á lọ sí yàrá wọn, wọ́n á tún padà wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń dìde fún wọn lójúmọ́. Èmi kọ́ ni mo gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn. Inú wọn dùn gan-an ni.

Ajé, 1 oṣù keje

Olúwa mi ń lọ sí ìpàdé àwọn adájọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ojú ìwé méjì nípa ètò tuntun náà, torí àwọn adájọ́ yòókù lè bi wọ́n léèrè. Mo kọ ọ́. Ó dáa, bí mo ṣe ń kà á, inú mi ń dùn.

Ọjọ́bọ̀, 4

Olúwa mi ti dé. "Ìyá Akọ̀wé, wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe ronú kàn án, mo ní mo jókòó síbì kan ni, ó kàn sọ sí mi lọ́kàn." Mo ní ẹ kú oríire, Olúwa mi. Mo ní inú mi dùn.

Kò dùn.

Àbámẹ́ta, 6

Tíṣà pè mí sẹ́yìn nígbà tí kíláàsì tú. Ohùn ńlá yẹn, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, mà. Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò wà níbi ìpàdé àwọn adájọ́. Ó ní iṣẹ́ tí ẹ kọ ránṣẹ́ pé tiyín ni, adájọ́ yín ló ni ín. Ó ní ojú òun báyìí ni adájọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ni, mà."

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ sáà fi orúkọ yín hàn mí nínú ìwé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo ní màá mú un wá. Àṣé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àìkú, 7

Mo tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìkéde orí pátákó: Nípa àṣẹ Olúwa mi. Lẹ́tà àwọn lọ́yà: Nípa àṣẹ Olúwa mi. Ti àwọn ọlọ́pàá, bákan náà. Kódà èyí tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri pé kí wọ́n má jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́, Nípa àṣẹ Olúwa mi. Olúwa mi ò mọ̀ pé ìwé àtẹ̀gùn wà láyé! Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni, bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, a kì í ní ẹnu tiwa. Orúkọ mi ò sí níbì kankan.

Bàbá àwọn ọmọ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. "Ìyá, ṣé ó dá ọ lójú pé o wà nínú kóòtù yẹn ṣá?" Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi, mo sunkún. Èmi fúnra mi ni inú ń bí mi sí, kì í ṣe Olúwa mi. Ẹni tó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí gbogbo ìwé, ta ló máa sọ fún un pé kì í ṣe òun?

Ajé, 8

Mo dé ẹnu ọ̀nà Olúwa mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́gun, 9

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tì mí jáde ní ọ́fíìsì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá adájọ́ ṣiṣẹ́, n ò rí èyí tó jẹ èèyàn rí. Lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ yìí." Mo ti ní ọmọ ní yunifásítì, ọmọ yìí ni wọ́n ṣì ń pè mí.

Mo wọlé. Mo ní, Olúwa mi, mo nílò lẹ́tà kan fún ẹ̀kọ́ mi, pé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ mi. Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọn ò gbójú sókè.

"Kò burú. Ẹ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i."

Ṣé mo rò pé àwọn fúnra wọn máa kọ ọ́ ni? Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà wọn. Èmi náà ni màá kọ̀wé yin ara mi.

Ọjọ́rú, 10

Mo kọ ọ́ pé obìnrin yìí ṣèrànwọ́ díẹ̀ nínú ètò náà. Bàbá àwọn ọmọ kà á. "Díẹ̀ kẹ̀?" Ó fà á ya. Ó gba bírò, ó kọ tirẹ̀, ó ní irú akọ̀wé yìí ṣọ̀wọ́n lágbàáyé. Èmi náà fa tirẹ̀ ya. Bébà ọ̀wọ́n!

Èyí tí mo tẹ̀ níkẹyìn kò gùn. Mo kọ ọ́ ní ohùn wọn: "Èmi kọ́ ni mo ronú kan ètò yìí, akọ̀wé kóòtù mi ni. Ó gbé e wá bá mi, mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òun ló kọ gbogbo ìwé rẹ̀, òun náà ló tún ibi tó bàjẹ́ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Níbi ìpàdé àwọn adájọ́, mo gbàgbé láti dárúkọ rẹ̀."

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n kọ "lẹ́ẹ̀kan". Ẹ̀rù náà ló jẹ́ kí n kọ "gbàgbé".

Ọjọ́bọ̀, 11

Tí mo bá kó ìwé wọlé nírọ̀lẹ́, Olúwa mi kì í kà á. Mo máa ń fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n á fọwọ́ sí i, mo máa ń ṣí èyí tó kàn. Lẹ́tà mi wà láàárín. Bírò ti balẹ̀ sórí ẹ̀ nígbà tí mo fà á padà. N kò mọ̀ pé mo máa fà á.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á sí yín létí."

Mo kà á. Mi ò fo ibi ìpàdé àwọn adájọ́. Mo parí. Olúwa mi ò wò mí.

"Ẹ tún ibi tí mo ti kọ̀ ọ́ kà."

Mo tún un kà.

"Irọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rò pé n ò ka iye ìgbà ni?" Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi bírò fa ìlà sórí "lẹ́ẹ̀kan", wọ́n kọ "lẹ́ẹ̀mẹta" sókè rẹ̀. Wọ́n dúró lórí ìlà tó kẹ́yìn. "Mi ò gbàgbé, Ìyá Akọ̀wé. Ẹni tó gbàgbé ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá ni." Wọ́n fa ìlà sórí ìyẹn náà, wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ lọ tún un tẹ̀ kó mọ́ tónítóní. Wọ́n ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe mú un lọ. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tún pè mí. "Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ eyín fún wọn ṣá o."

Àbámẹ́ta, 13

Olùyẹ̀wò mẹ́ta. Èyí tó wà láàárín ni ọkùnrin tó lọ sí ìpàdé yẹn. Ó ka lẹ́tà náà, ó tún un kà.

"Ta ló kọ lẹ́tà yìí?"

Mo lè ní Olúwa mi ni. Orúkọ wọn ló wà nísàlẹ̀. "Èmi ni, sà."

Tíṣà tó jókòó sẹ́yìn fọwọ́ bojú.

"Ẹ kọ ìyìn ara yín, ẹ wá gbé e fún adájọ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo lẹ́tà tó ń jáde lórúkọ wọn, èmi ni mò ń kọ ọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n kà á?"

"Wọ́n tún ibi méjì ṣe, sà. Ọwọ́ wọn ló wà níbẹ̀."

Ó gbé e sí ojú fèrèsé. Ó kà á sókè fún àwọn méjì tó kù, pé adájọ́ ní òun kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pé ti akọ̀wé òun kò wá sí òun lọ́kàn rárá. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ní, "Èmi náà ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí. Kò sí akọ̀wé tó máa láyà láti fi èyí sẹ́nu adájọ́ rẹ̀." Ọkùnrin náà rọra gbé ìwé sílẹ̀.

"Ó dáa, mà," ó ní. "Ẹ wá sọ fún wa bí ẹ ṣe ṣe é."

Mo sọ ọ́ láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò wo ìwé. Mo sọ ti ìyá aránṣọ náà pẹ̀lú.

Ọjọ́bọ̀, 18

Tíṣà pè mí lórí fóònù láàárọ̀, mo wà lórí àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ tóbi débi pé àwọn tó ń kọjá ló kọ́kọ́ kí mi kú oríire. Mo yege. Lẹ́tà olú ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Bàbá kí n tó dé òkè, pé kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn níparí oṣù. Bàbá ní àwọn ò gbé ife lé e lórí lọ́tẹ̀ yìí.

Ní agogo mẹ́sàn-án, Olúwa mi wọlé, wọ́n jókòó, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí Gbohùngbohùn pe ẹjọ́. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn gbọ́. Wọ́n tọ́ka sí mi níbi tí mo jókòó sí nísàlẹ̀ wọn. Wọ́n dárúkọ mi, orúkọ bàbá àti ti ọkọ. Wọ́n ní ẹni tí ò bá dúró pẹ́ lónìí, obìnrin yìí ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ronú kan ètò yìí, òun sì ni alábòójútó kóòtù yìí láti oṣù tó ń bọ̀.

Mo gbójú sókè wo àwọn tó ń gbọ́. Lọ́yà méjì, ìyàwó ilé kan, ọlọ́pàá kan tó ń tòògbé. Àwọn bẹ́ǹṣì tó kù ṣófo. Tó bá jẹ́ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ì bá gbọ́. Èmi náà ni mo lé wọn lọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo tẹ orí ba, mò ń kọ ohun tí kò sí.

Ní mọ́kànlá, àwọn mìíràn wọlé. Olúwa mi jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí Gbohùngbohùn, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí agogo kan ọ̀sán lù, mo ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí, mo mọ ibi tí wọ́n máa tọ́ka sí mi. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dárúkọ mi, omi bọ́ lójú mi.